"Òmìnira abẹ́lé" àbí "ìjọba ara-ẹni"? Ọ̀rọ̀ Grínlándì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ọ̀kan nínú wa dábàá pé "òmìnira abẹ́lé" ni kí a máa pe irú ìṣàkóso tí àwọn ará Grínlándì, erékùṣù ńlá kan ní àríwá ayé, ní lábẹ́ Dẹ́nmárkì. Mo dúpẹ́ fún làálàá náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Òmìnira ni a ń pe ohun tí Nàìjíríà gbà ní 1960; Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti gba ìjọba ara-ẹni ní 1957, kò sì sí ẹni tó ka méjèèjì sí ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ ààbò àti ti ilẹ̀ òkèèrè ṣì wà lọ́wọ́ Dẹ́nmárkì títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ṣe ń sọ ọ́. Namminersornerullutik Oqartussat ni wọ́n pe ìjọba tí wọ́n gbà ní 1979, ọdún tí olú ìlú wọn bọ́ orúkọ Godthåb sílẹ̀ tó sì ń jẹ́ Nuuk. Nígbà tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 2009, lẹ́yìn ìdìbò 2008 tí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn olùdìbò fọwọ́ sí, orúkọ náà di Namminersorlutik Oqartussat. Mọ́fíìmù (ègé ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀) kan ṣoṣo ni wọ́n yọ, -neru-, tí "túbọ̀" tiwa bá mu rẹ́gí: àwọn aláṣẹ tó túbọ̀ ń dá dúró di àwọn aláṣẹ tó ń dá dúró. Mo gbà pé ìtàn ọgbọ̀n ọdún wà nínú mọ́fíìmù yẹn. Nítorí náà, kí a lo "ìjọba abẹ́lé" fún ti 1979, kí a sì fi "ìjọba ara-ẹni" sílẹ̀ fún ti 2009.

Pípe àwọn ará Grínlándì ní "ẹ̀yà kékeré" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá kà wọ́n mọ́ ará Dẹ́nmárkì, wọ́n kéré lóòótọ́, nítorí gbogbo olùgbé Grínlándì kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 56 lọ; ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ wọn, àwọn Inuit, ọmọ bíbí ibẹ̀, ló pọ̀ jù, òfin 2009 sì ka àwọn ará Grínlándì sí àwùjọ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu ọ̀la ara rẹ̀, ó sì fi èdè wọn ṣe èdè ìjọba. "Ọmọ bíbí ilẹ̀ náà" ni mo yàn, kì í ṣe "ọmọ onílẹ̀", nítorí ohun tí ìyẹn ti dà ní Èkó.

Ibi tó nira jù ni orúkọ wọn. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ni Kalaallit ní pàtó, èdè tiwọn ló sì di ti ìjọba. Àwọn ti ìlà-oòrùn ń jẹ́ Tunumiit, àwọn ti àríwá ń jẹ́ Inughuit. Orúkọ Kalaallit yìí ti wá ń bo gbogbo wọn, bí "Yorùbá", tó jẹ́ orúkọ Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, ṣe wá bo Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì. Títí àwọn Tunumiit fúnra wọn yóò fi gba orúkọ náà láìjanpata, "àwọn ará Grínlándì" ni kí a máa kọ nígbà tí a bá ní gbogbo wọn lọ́kàn.