Mo fẹ́ padà sídìí eré ìtàn onídáìsì tó ń jẹ́ Dungeons and Dragons, ìyẹn D&D pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Adó-Èkìtì ni mo wà, ẹ̀dà kejì D&D ni mo mọ̀ dáadáa, ìyẹn ayé tí Armor Class (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ṣòro tó kí ọ̀tá tó lè rí ẹni inú eré lù) tó bá kéré ló dáa, ti 2024 yìí wá jẹ́ pé èyí tó pọ̀ ló dáa, orí mi ṣì ń dàrú sí i. Àbíkẹ́yìn mi ò tíì lè ka gẹ̀ẹ́sì tó gùn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó ju dáìsì olójú 20 lẹ́ẹ̀mejì kó mú èyí tó pọ̀ jù, ariwo tó máa ń pa ò kéré o! Ṣé kí n pa òfin ìjà tì ná ká kàn máa sọ ìtàn, bóyá ká bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ́gòsì níbi tí omi gbígbóná ti pàdé tútù, àbí ká jọ máa kọ́ ọ bá a ṣe ń ṣe é lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọmọ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.