Ṣé ó dáa ká máa fún ìyàwó ṣọ́jà lówó kó lè lọ ṣe àyẹ̀wò?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Òṣogbo ni mo wà. Ọkọ mi ń jagun lọ́hùn-ún ní Borno. Àwa ìyàwó ṣọ́jà tí a jọ ń dá àjọ fẹ́ yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, tàbí tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ HPV, ìyẹn àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Láti 2023 ni ìjọba ti ń fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ò yá. Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ta ló máa jókòó ti ọjà? Ẹ̀rù èsì náà sì ń bà wá, ká má parọ́.

Ní Àríwá, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ New Incentives ń fún àwọn ìyá lówó tí ọmọ wọn bá gba àjẹsára. TRICARE, ètò ìlera ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kì í gbowó lórí ọ̀pọ̀ irú àyẹ̀wò yìí. Ìyá àjọ wa ní owó á sọ wá di alágbàṣe lórí ara wa. N ò gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, ṣé ká san án ṣáájú bí owó ọkọ̀ ni, àbí ìgbà tí wọ́n bá mú káàdì ilé ìwòsàn dé?