Ẹyin ò bá ọmọ mi lára mu, kéèkì bọ́ọ̀dè ńkọ́?

Màmá Tòní:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá. Ọmọ mi obìnrin máa pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀, ẹyin ò bá a lára mu rárá, tó bá ti kan ẹnu ẹ̀ báyìí ètè ẹ̀ á wú, ara á sú u, dókítà ti ṣe tẹ́ẹ̀sì ó ní ẹyin ò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu ẹ̀ mọ́ títí a ó fi padà wá. Kéèkì bọ́ọ̀dè ló ń kó mi lọ́kàn sókè torí ó ti rí ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó sì ń bèèrè tiẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa tọ́ ẹyin sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ́ ọn lára. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mọ́ínmọ́ín, ẹ yọ ẹyin kúrò, ẹ fi ẹja tí ẹ ti ṣa eegun ẹ̀ dáadáa sí i. Púff-púff ò tiẹ̀ nílò ẹyin látilẹ̀, fúláwà, ṣúgà, yíìsì, omi, ó parí. Òróró lẹ máa ṣọ́! Àwọn tó ń dín nǹkan níta, inú agbada kan náà ni wọ́n ti ń dín iṣu tí wọ́n rì bọ ẹyin, tí wọ́n á tún da púff-púff sí i, ẹ máa dín tiẹ̀ nílé.

Aṣekéèkì Àkúrẹ́:
Màmá Tòní ẹ fọkàn balẹ̀, kéèkì tí ò lẹ́yin wà, ó sì dùn. Fúláwà ife kan àbọ̀, ṣúgà ife kan, kòkó ṣíbí ńlá 3, baking soda ṣíbí tíì 1, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ẹ pò wọ́n pọ̀ ní gbígbẹ. Ẹ wá da òróró ṣíbí ńlá 5, fínígà ṣíbí ńlá 1 àti omi ife kan sí i. Fínígà àti soda yẹn ló máa gbé kéèkì dìde, ẹ máa rí i tó ń hó, torí náà kí iná ti gbóná kẹ́ ẹ tó pò ó, ẹ má rò ó pẹ́, tẹ́ ẹ bá ti rí i pé fúláwà funfun ò sí mọ́ ẹ gbé e síná kíá. Tí ò bá sí ófùùnù, ìkòkò ńlá tẹ́ ẹ da iyanrìn sí nídìí á sè é dáadáa. Páńkéèkì ńkọ́, ìdajì bànáná tó pọ́n tẹ́ ẹ tẹ̀ kúná ti rọ́pò ẹyin kan.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Màmá Tòní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tọ́ ọ sí i lẹ́nu nílé. Ìfẹ́ ni Màmá fi sọ ọ́, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn. Àwọn dókítà kan máa ń fi nǹkan tí wọ́n yan ẹyin mọ́ dán ọmọ wò torí iná ófùùnù máa ń yí ẹyin padà, ṣùgbọ́n ojú wọn ló ti ń ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ adrenaline, èyí tí wọ́n fi ń gba ọmọ là tí ara ẹ̀ bá kọ oúnjẹ lọ́nà tó le, nítòsí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà. Tó bá jẹ ẹ́ lójijì tó ń wúkọ́, tí mímí ń nira fún un tàbí tó ń bì léraléra, ẹ gbé e lọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì kéré tí ẹyin ò sì bá a lára mu, inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ yellow fever tí wọ́n ń gbà ní oṣù mẹ́sàn-án, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó fún un.

Ọmọ Ìbàdàn ní Birmingham:
Ẹ wo kọ́sítáàdì o! Apòògùn kan níbí, Alfred Bird, ló fi àgbàdo ṣe é lọ́dún 1837 torí ẹyin ò bá ìyàwó ẹ̀ lára mu. Yíìsì náà ò bá obìnrin yẹn mu, ló bá tún ṣe baking powder lọ́dún 1843. Ẹ ṣáà ka ara páálí dáadáa, albumen, ẹyin ni, mayonnaise àti salad cream náà, ẹyin wà níbẹ̀.

Màmá Tòní:
Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á wo àwọn ọmọ wa. Aṣekéèkì, ṣé mo lè fi kọ́sítáàdì sáàárín kéèkì yẹn?

Aṣekéèkì Àkúrẹ́:
Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sè é kó ki dáadáa, kí àwọn méjèèjì sì tutù kẹ́ ẹ tó fi sí i.