Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ló lè ya ọ̀gá wa lẹ́fẹ̀ẹ́ kí Sátidé tó dé?

Àdùkẹ́ (Ọjọ́rú, aago méje àárọ̀)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, kíákíá ni. A fẹ́ bu ọlá fún ọ̀gá wa ní Sátidé. Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n, àwòrán apanilẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń yà á fún ìwé ìròyìn. A fẹ́ kí àwọn ayàwòrán bíi tiwọn ya àwọn náà lẹ́fẹ̀ẹ́, ká tẹ̀ ẹ́ gbàǹgbà, ká gbé e kọ́ sára ògiri. Ta lẹ mọ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ dáa tó sì yá? Ibo la ti lè tẹ̀ ẹ́? Owó wa ò pọ̀.

Àrẹ̀mú
Ṣómólú l'Ékòó ni, ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ibo lẹ tún ń wá? Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Onípàánù, ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹ má dá àwọn tó ń fani lápá lẹ́bàá ọ̀nà lóhùn. Ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ gan-an. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, flex yín ti délẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Béjì
Háà, ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Nígbà òkú bàbá ọkọ mi, ara àǹkárá la tẹ ojú wọn sí, gbogbo ẹbí ló wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà ẹni tó bá wa ṣe é, ẹ sọ fún mi.

Gègé Dúdú
Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, àmọ́ mo ti há sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn títí di Sọ́ńdè, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà sọ ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá gbéṣẹ́ fún, ẹ má fún un ní fọ́tò tí wọ́n yà ní sítúdíò, èyí tí ojú le koko. Ẹ wá mẹ́ta: ọ̀kan tí wọ́n kọjú síwájú, ọ̀kan tí wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìmọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé (document), ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí yóò fún un pọ̀, gbogbo ìlà á sì di ìdọ̀tí tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tóbi.

Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n ya ọ̀gá yín pẹ̀lú ẹni inú àwòrán tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀. Nígbà tí Quino, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ará Argentina, kú ní 2020, Mafalda, ọmọdébìnrin inú àwòrán rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán káàkiri ayé yà láti fi dágbére fún un. Ẹni tó bá rí ọmọ yẹn ti mọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Alágbàdá
Ẹ MÁ SANWÓ SÍLẸ̀ FÚN ẸNIKẸ́NI. Lọ́dún tó kọjá, bàbá ìyàwó mi pé ọgọ́rin ọdún. Mo fún ẹnì kan ní ₦40,000 pé kó yà wọ́n lẹ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ló dá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó gan-an ló tó fi nǹkan ránṣẹ́. Fọ́tò tí mo fún un náà ni! Ó kàn kó o sínú ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò di àwòrán. Ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ bàbá. Àbàjà ojú wọn, tí wọ́n fi ń yangàn, ẹ̀rọ ti pa á rẹ́ pátápátá. Ìyá ìyàwó mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ta rèé?" Mi ò tíì gbàgbé.

Abíkẹ́
Yéè! Àbàjà kẹ̀! Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀, ti ìgbéyàwó ni. Ọmọ tí wọ́n fi sọ́wọ́ mi nínú àwòrán, mi ò tíì bí i nígbà yẹn.

Tẹ̀wétẹ̀wé
Alágbàdá, olè lo bá pàdé, kì í ṣe ayàwòrán. Èmi ò lè gbé gègé láìrí ìdajì owó. Ṣé bébà ò gbowó ni? Tàdáwà ńkọ́? Mo ti ya odindi ìdílé kan rí, wọ́n ní imú ìyàwó ti tóbi jù, wọn ò sì san kọ́bọ̀.

Alágbàdá
O lè sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe owó ẹ ló lọ.

Tẹ̀wétẹ̀wé
Owó mi ti lọ rí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán báyìí.

Abíkẹ́
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Kó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà á hàn yín. Tí ojú bá jọ, ẹ san ìdajì, kó tó wá lo tàdáwà.

Olóyè Ìjẹ̀bú
Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni kẹ́ ẹ máa fa imú àgbàlagbà gùn lójú àwọn ọmọ tó bí. Ẹ̀yẹ wo nìyẹn? Ẹ ya bàbá bó ṣe yẹ: agbádá, fìlà, irùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ Kétu
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀sí nílẹ̀ wa. Lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétu àti ní Yewa, Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á jáde, á bú ẹni tó hùwà ibi, á sì súre fún ìlú nínú orin kan náà. Àwọn eégún alárìnjó ńkọ́? Ẹ rántí Òyìnbó tí wọ́n máa ń gbé jáde, tí imú rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ẹni tó gbẹ́ ojú yẹn ti wo òyìnbó dáadáa kó tó gbẹ́ ẹ.

Gègé Dúdú
Bó ṣe rí nìyẹn. Láti ìgbà tí Akínọlá Láṣekan ti ń ya fún ìwé ìròyìn West African Pilot nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, títí kan Josy Ajíbóyè àti dele jegede ní Daily Times, ojú àwọn ẹlòmíràn ni àwa oníṣẹ́ yìí ń wò. Tí ẹlẹgbẹ́ ẹni bá wá jókòó, tó wo ojú tìẹ náà fún wákàtí méjì, tó mọ bí fìlà rẹ ṣe ń tẹ̀ àti bó o ṣe ń di gègé mú, èmi ò mọ ẹ̀yẹ tó ju ìyẹn lọ. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ kì í kàn fa imú gùn. Ohun tí gbogbo ará ilé mọ̀ mọ ẹni yẹn ló ń wá.

Tòkunbọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọmọ ọdún mọ́kànlá ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé iléèwé. Ibo ló ti lè kọ́ ọ?

Àdùkẹ́ (Ọjọ́rú, alẹ́)
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ṣàlàyé tó. Ọ̀gá wa ò kú o! Àádọ́rin ọdún ni wọ́n ń ṣe. Ìyá Béjì, mo gba àdúrà yín sí ẹ̀mí gígùn.

Ìyá Béjì
Háà! Ẹ dárí jì mí! Wọ́n á gbó, wọ́n á tọ́, wọ́n á ṣe púpọ̀ ọdún láyé. Ọ̀rọ̀ àǹkárá yẹn ṣì wà nílẹ̀ o.

Àdùkẹ́
Àmín. Abẹ́òkúta náà la wà, a kì í ṣe ará Èkó.

Àrẹ̀mú
Ẹ ò wí! Ẹ ṣì lè fi ọkọ̀ àárọ̀ wọ Ṣómólú lọ́la.

Àdùkẹ́ (Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán)
A ti jókòó lé e. Àwa mẹ́fà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn la máa yà á fúnra wa, a ò gbéṣẹ́ fún ẹnì kankan. A ò ní tẹ flex. Bébà A4 lásán ni, torí òun làwọn náà fi ń kọ́ wa, a ó sì fi okùn aṣọ so ó káàkiri àgbàlá. Gègé Dúdú, mo ti mú ìmọ̀ràn yín lò: kọ̀ńdọ́ mólúè kan ni ẹni inú àwòrán wọn, bàtà ẹsẹ̀ kan ló máa ń wọ̀. Tèmi ti jáde. Ọ̀gá ló wakọ̀, kọ̀ńdọ́ ló ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe di ìdarí mú. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́ náà gbọ́, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n báyìí. Bàtà ẹyọ kan yẹn ṣáá ni wọ́n yà, wọ́n kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀. Òun la máa so sí àárín.

Tàdáwà tá a rà ti gbẹ nínú ìgò. Ta ló ní ní Abẹ́òkúta níbí?

Tẹ̀wétẹ̀wé
Mo ní ìgò kan àbọ̀. Ìbàrà ni mo wà. Ẹ rán ọmọ wá kí n tó jáde ní aago mẹ́rin.

Àdùkẹ́
Ó ti ń bọ̀. Fìlà pupa ló dé.