Wọ́n fún wa ní gbọ̀ngán àti owó ọdún kan láti fi dá láàbù àdúgbò sílẹ̀. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa rí gbọ̀ngán kan gbà láti máa lò lọ́fẹ̀ẹ́, àjọ kan sì ti ṣèlérí owó tó máa gbé wa fún ọdún kan. Láàbù àtinúdá fún àwùjọ ni wọ́n fẹ́ ká fi ṣe: ibi tí ará àdúgbò, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn onímọ̀ á ti jọ jókòó, tí wọ́n á jọ wá ojútùú sí ohun tó ń bá wa fínra, tí wọ́n á sì dán an wò kí ẹnikẹ́ni tó ná owó ńlá lé e lórí.

Inú mi dùn, àmọ́ orí mi ti fẹ́ẹ̀ dàrú. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe alákòóso. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà àti 3D printer, ẹ̀rọ tó ń fi ike mọ nǹkan jáde. Àwọn àgbà ní rárá, ìpàdé ńlá ló yẹ ká pè, kí kálukú wá sọ ohun tó ń dùn ún. Àjọ tó fẹ́ fún wa lówó náà ń bi mí léèrè pé iṣẹ́ mélòó la máa ṣe yọrí kí ọdún tó pé.

Kí ló yẹ kó ṣáájú? Ta ló yẹ kó ní àṣẹ láti sọ pé èyí la máa dán wò, èyí la máa fi sílẹ̀? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ là ń ṣe, tí kì í ṣe ìpàdé lásán? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dùn mí o, ẹ sọ ojú abẹ níkòó.

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò:
Ẹ kú oríire o. Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ẹ̀rọ tó bá ti wà nílẹ̀ ló máa ń yan ìṣòro fún àwọn èèyàn. Ẹ ra 3D printer lónìí, tó bá dọ̀la, gbogbo wàhálà àdúgbò á dà bí ohun tí wọ́n lè fi ike yanjú.

Ìṣòro ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ẹyọ kan, ó pọ̀ jù méjì. Kó jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí ẹni tó ń jìyà ẹ̀. "Ìlera" kì í ṣe ìṣòro, orí ọ̀rọ̀ ni. "Àwọn aboyún àdúgbò wa kì í dé ilé ìwòsàn títí oyún á fi pé oṣù mẹ́fà", ìyẹn ni ìṣòro. Ẹ lè kà wọ́n lónìí, ẹ sì lè padà wá kà wọ́n tó bá yá.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má pe ìpàdé ńlá. Àmọ́ àwọn tó máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn náà ló ń sọ̀rọ̀ níbi gbogbo. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ká lára gan-an kì í ráyè wá: ó wà níbi iṣẹ́, tàbí ó ń tọ́jú aláìsàn, tàbí ojú ń tì í. Ẹ lọ bá a nílé. Tẹ́ ẹ bá bi í pé "kí lẹ fẹ́?", á sọ ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ bi í pé "ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Á mẹ́nu ba ẹni tó yá lówó, ọ̀nà tó gbà, ibi tí wọ́n ti ní kó padà wá lọ́la. Inú ìyẹn lẹ ti máa rí ibi tí iṣẹ́ wà.

Nǹkan kan tún wà táwọn èèyàn kì í ṣe: ẹ wá àwọn tí ìṣòro náà ò rí mú, tí ipò wọn kò sì yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wọn. Ní ìparí 1990, Jerry Sternin àti Monique ìyàwó ẹ̀ dé Vietnam lábẹ́ Save the Children, àjọ tó ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́, nítorí àwọn ọmọdé tí àìjẹun-re-kánú ń bá jà. Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fún wọn láti fi àbájáde hàn. Wọ́n ní káwọn ará abúlé bá wọn wá àwọn ìdílé tálákà tí ọmọ tiwọn sanra dáadáa. Àṣé àwọn ìyá yẹn máa ń ṣa edé wẹ́wẹ́ àti akàn kéékèèké nínú oko ìrẹsì, wọ́n ń já ewé ọ̀dùnkún mọ́ ọn, wọ́n sì ń fún ọmọ jẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Àwọn yòókù ka oúnjẹ yẹn sí ohun tí kò yẹ ọmọdé. Aládùúgbò ló wá ń kọ́ aládùúgbò, nínú ilé ìdáná. Ojútùú ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó dé.

Aláròyé:
Ẹ má bínú sí mi o. Láàbù tí mo ti rí, bébà aláwọ̀ mèremère lára ògiri ni, kí wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Ìbéèrè kan ni mo ní: ta ló ń san owó ẹni tó máa wá jókòó sí gbọ̀ngán yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba owó oṣù. Onímọ̀ ń gba owó iṣẹ́. Ará àdúgbò nìkan ló ń wá lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ni wọ́n á tún ní kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ tí kò bá wá mọ́.

Nọ́ọ̀sì Alárìnkiri:
Ọ̀rọ̀ Aláròyé korò, àmọ́ òótọ́ ni. Ẹ kọ owó ọkọ̀ àti owó àkókò wọn sínú ètò ìnáwó látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó máa bá wọn mójú tó ọmọ nígbà ìjókòó.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ, èyí tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn ni ti BRAC, àjọ kan tó ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́ ní Bangladesh. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọdé púpọ̀ níbẹ̀. Láti 1980, wọ́n ń rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé láti kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ: iyọ̀ tí orí ìka mẹ́ta lè mú, ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà kan, nínú nǹkan bí ààbọ̀ lítà omi. Ní 1979, wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní agbègbè kékeré kan. Wọn kì í sanwó fún olùkọ́ nítorí iye ilé tó wọ̀. Ẹlòmíràn á padà lọ bá ìyá náà, á bi í ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ohun tó bá rántí ni wọ́n fi ń ṣírò owó olùkọ́. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá fi pé, wọ́n ti dé ilé tó ju mílíọ̀nù 12 lọ.

Èyí tó tún wù mí ni pé wọ́n rí i pé àwọn ìyá mọ̀ ọ́n pò, wọn ò kàn lò ó tó. Wọn ò sọ pé ìyá ya ọ̀lẹ. Wọ́n tọpinpin rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn olùkọ́ kan fúnra wọn ò gbà á gbọ́, àti pé wọn ò bá àwọn ọkọ sọ nǹkan kan. Wọ́n tún méjèèjì ṣe. Ohun tí láàbù wà fún nìyẹn.

Oníṣirò:
Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ba owó. Ẹ má gbà kí àjọ náà kọ "iṣẹ́ mẹ́wàá" sínú ìwé àdéhùn. Tí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ máa fipá ṣe mẹ́wàá náà, àtèyí tó ti kú lọ́wọ́ yín. Iye ìdánwò ni kẹ́ ẹ ṣèlérí, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn kedere pé ẹ máa dá àwọn kan dúró. Kí èyíkéyìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sójú ìwé kan: ohun tá a fẹ́ mọ̀, àwọn tá a jọ fẹ́ ṣe é, ọjọ́ tá a máa dúró yẹ̀ ẹ́ wò, àti àbájáde tó máa mú ká pa á tì. Ìkẹrin yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sá fún, òun ló sì ń gba owó yín sílẹ̀.

Ìdánwò lè kéré ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ní 1976, owó tí Muhammad Yunus, olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì, kọ́kọ́ yá àwọn èèyàn 42 ní abúlé Jobra ní Bangladesh, tá a bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, dọ́là 27 ni. Ọdún 1983 ló tó di báǹkì Grameen, tó ń yá àwọn tálákà lówó. Ẹ lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri gbọ̀ngán lóṣooṣù, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè kà á.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń rí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kù. Alága ẹgbẹ́ wa fẹ́ máa gbọ́ tẹnu àwọn ará àdúgbò, àmọ́ alága fúnra wọn ló fẹ́ máa fọwọ́ sí ohun gbogbo.

Òṣìṣẹ́ Ìbílẹ̀:
Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1969, Sherry Arnstein, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, ya àkàbà onípele mẹ́jọ tó fi ṣàlàyé bí ará ìlú ṣe ń kópa: ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ darí wọn, ìmọ̀ràn tí wọ́n kàn ń gbà lẹ́nu wọn wà láàárín, òkè téńté ni wọ́n ti ń ṣàkóso fúnra wọn. Ẹ bi alága yín pé orí ìpele wo lẹ wà. Tó bá jẹ́ ìmọ̀ràn lẹ fẹ́ gbà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn. Ohun tí wọn kì í dárí jì ni kẹ́ ẹ pè é ní àjọṣe, kí ìpinnu sì ti wà nínú àpò ẹnì kan kí wọ́n tó dé.

Tèmi ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ látọjọ́ kìíní. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ìdánwò bá yọrí sí rere, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ yín tówó bá tán?

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò:
Mo fara mọ́ apá kan, mi ò fara mọ́ apá kejì. MindLab ti Dẹ́nmáàkì, láàbù àtinúdá bíi tiyín, inú ìjọba ni wọ́n dá a sí ní 2002, ó sì lórúkọ káàkiri àgbáyé. Nígbà tí ìjọba fẹ́ nǹkan mìíràn, wọ́n tì í pa ní 2018. Ẹ má fi gbogbo ara gbára lé wọn. Ẹ sì má wá ọ̀gá àgbà tó máa wá ya fọ́tò. Ẹ wá òṣìṣẹ́ ipò àárín tó jẹ́ pé tábìlì ẹ̀ ni fáìlì ọ̀rọ̀ náà ń gbà kọjá. Òun ló mọ òfin tó lè dènà yín àti ẹni tó lè yí i.

Ní ti alága, ẹ yan ìgbìmọ̀ kékeré tí ìdajì ẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ àwọn tí ìṣòro náà ń bá fínra. Kí alága ní ohùn kan bíi tàwọn yòókù. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi sọwédowó sílẹ̀ fún wọn láti fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ fi ìpinnu ìdánwò sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀.

Òṣìṣẹ́ Ìbílẹ̀:
Ipò àárín, ó dáa. Àmọ́ ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ o, kí wọ́n má baà gbé e kúrò lórí fáìlì náà lójijì.

Olùbéèrè:
Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. A ti ń ronú nípa àwọn arúgbó tó ń dá gbé, tí oògùn wọn máa ń tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kí ni mo máa sọ fáwọn ọ̀dọ́ tó ń retí 3D printer?

Oníṣirò:
Ẹ ya owó kékeré sọ́tọ̀ láti fi yá ẹ̀rọ lò. Ọjọ́ tí ìdánwò kan bá nílò ẹ̀, ẹ lọ yá a. Kẹ́ ẹ sì fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn níṣẹ́ ní báyìí: àwọn ni kó lọ wádìí láti ilé dé ilé.

Nọ́ọ̀sì Alárìnkiri:
Kí wọ́n lọ ní méjì-méjì, kí ọ̀kan máa bá màmá tàbí bàbá sọ̀rọ̀, kí èkejì máa kọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba àyè, kí wọ́n sọ ẹni tó máa rí ohun tí wọ́n kọ. Nọ́ńbà tó dúró fún arúgbó náà ni kí wọ́n kọ síwájú orúkọ oògùn. Orúkọ ẹni náà ò gbọdọ̀ sí nínú ìwé kan náà. Kò gbọdọ̀ sí fọ́tò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n sì ní kí arúgbó náà fi ibi tó ń kó oògùn sí hàn wọ́n, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọn ò ní fẹnu sọ, ẹ máa rí i níbẹ̀.