Ẹ̀rọ GPS olówó pọ́ọ́kú fún kẹ̀kẹ́ ológeere: ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó, kí lẹ rí?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń sọ o, kì í ṣe Márúwá. Ṣé aago ọwọ́ tó ní GPS ló yẹ kéèyàn rà ni, àbí àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́? Owó ò pọ̀. Ìgboro Ìbàdàn la máa lò ó sí, pẹ̀lú ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má kàn dárúkọ ọjà, ẹ sọ ohun tó máa ń yọ èèyàn lẹ́nu lára rẹ̀.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, àpótí ni kó o rà. Ẹni tí kì í sáré, tí kì í lúwẹ̀ẹ́, tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gùn, kí ló fẹ́ fi aago ṣe? Wo bí ọwọ́ ṣe máa ń wà lórí kẹ̀kẹ́: ọrùn ọwọ́ tẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ di irin mú, ojú aago sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Kó o tó lè mọ iye eré tó ò ń sá, o ní láti tú ọwọ́ kan sílẹ̀ kó o yí i wá sókè. Lójú ọ̀nà tí kòtò pọ̀ sí, ewu ni. Àwọn aago tí ojú wọn ń tàn yòò bíi ti fóònù ló tún le jù, torí wọ́n máa ń paná ara wọn kí bátìrì má bàa tán, ó sì dìgbà tí wọ́n bá mọ̀ pé ọwọ́ gbéra kí wọ́n tó tàn padà. Lórí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ kì í gbéra.

Ojú àpótí olówó pọ́ọ́kú dà bí ojú kakulétọ̀: òǹkà dúdú lórí eérú, kò láwọ̀, kò dùn ún wò nínú ilé rárá. Gbé e sábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Bí oòrùn bá ṣe ń le sí i ni òǹkà náà ń mọ́ sí i, torí kò gbára lé iná inú rẹ̀.

XOSS G wà lára àwọn tówó wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ń ka eré, ìrìn àti àkókò, ó sì ń tọ́jú ipa ọ̀nà, àmọ́ kì í gba sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́ ara láti ka eré tàbí ìlù ọkàn. G+ ló ń gbà á. Àmì kékeré yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ orúkọ wọn, ẹni tó ń kánjú á gbé ọ̀kan fún èkejì. Tówó bá gòkè díẹ̀, iGPSPORT BSC100S ní ojú tó fẹ̀ ní íǹṣì 2.6, ó ń gba Bluetooth àti ANT+ (ọ̀nà aláìlókùn mìíràn tí sẹ́ńsọ̀ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), wákàtí 40 sì ni iléeṣẹ́ kọ fún bátìrì rẹ̀. BSC200 lè tẹ̀ lé ipa ọ̀nà tí wọ́n ti yà sínú rẹ̀, èyí tí 100S kì í ṣe. Ẹni tó mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kò nílò ìyẹn.

Tó o bá rí tòkunbọ̀ Garmin Edge 130 Plus, ti ọdún 2020, má kọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ kéré, íǹṣì 1.8, àmọ́ bọ́tìnnì ló ní, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọwọ́ pa lójú, nítorí náà òjò àti òógùn kì í dà á láàmú. Wákàtí 12 ni bátìrì rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun. Kó o tó sanwó, jẹ́ kí wọ́n tan GPS rẹ̀ síta fún wákàtí kan gbáko. Ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ ní bíi 8 tàbí 9 nínú 100. Tó bá ju 15 lọ, bátìrì ti ń lọ, má bá a lọ.

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n ti là á mọ́lẹ̀, àmọ́ ẹni tí aago ti wọ̀ lọ́kàn kò ní í gbọ́. Nítorí tiwọn ni mo fi dá sí i.

Ọ̀rọ̀ "GPS" tí wọ́n ń kọ sára paálí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Àwọn aago kan ní ohun tó ń gba àmì sátẹ́láìtì nínú ikùn ara wọn. Àwọn mìíràn kò ní, ti fóònù ni wọ́n ń yá lò, tó o bá sì fi fóònù sílé, òfo ni. Irú kejì yìí ni wọ́n ń pè ní "connected GPS", bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tajà lè má ka apá àkọ́kọ́ yẹn sí ọ létí. Amazfit Bip U kò ní GPS tirẹ̀, Bip U Pro ní. Bip 3 kò ní, Bip 3 Pro ní. Xiaomi Band 7 kò ní, 7 Pro ní. Ṣé ẹ rí i pé "Pro" yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán?

Bí a ṣe ń dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù: pa Bluetooth fóònù, jáde síta gbangba, kó o mú eré kẹ̀kẹ́ lórí aago náà. Èyí tó bá ní ká so fóònù mọ́ òun kò ní nǹkan nínú. Èyí tó bá ń wá àmì fúnra rẹ̀, tó sì rí i, ló ní.

Ẹni tó ń ra Amazfit tàbí Xiaomi ní tòkunbọ̀, ẹ rántí pé aago náà máa ń so mọ́ àkáǹtì ẹni tó kọ́kọ́ ní in. Bí onítọ̀hún ò bá tíì yọ ọ́ kúrò nínú áàpù tirẹ̀, fóònù yín á kàn máa sọ pé ẹlòmíì ló ni ín ni. Ẹ so ó mọ́ fóònù yín lójú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Ẹni tó tàn án tó sì wa kẹ̀kẹ́ lọ lójú ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù.

Kí ẹ̀rọ tó lè mọ ibi tó wà, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, kí ó sì gba ìròyìn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lójú ọ̀run. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni sátẹ́láìtì kan fi ń ka ìròyìn tirẹ̀ tán. Bí ilé gíga tàbí igi bá gé e lágbedeméjì, ó di kó dúró de òmíràn. Nítorí náà, gbé e síbi tí ojú ọ̀run ti ṣí, kó o fẹ́ táyà, kó o di okùn bàtà, kó o tó tẹ "start". Tí ẹ bá ń so ó mọ́ áàpù lójoojúmọ́, á ti gba ìròyìn yẹn látorí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kò ní í pẹ́ rárá. Èyí tí mọ̀lẹ́bí bá fi ránṣẹ́ láti London tàbí Houston ńkọ́? Ó ṣì máa rò pé òun wà lọ́hùn-ún ni. Fi sílẹ̀ níta fún ìṣẹ́jú 15, má gbé e kúrò lójú kan. Ìwé orúkọ gbogbo àwọn sátẹ́láìtì tí wọ́n ń kà látòkè gba ìṣẹ́jú 12 àbọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ inú ètò rẹ̀, wá ibi tó ti ń sọ nípa bó ṣe ń kọ àkọsílẹ̀. Yan ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní "smart", ó lè fo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kó tó fi àmì kan lélẹ̀. Ní eré kìlómítà 25 ní wákàtí, ìyẹn jẹ́ bíi mítà 35 láàárín àmì kan àti èkejì. Kọ́nà á di ìlà gbọọrọ, ìrìn rẹ á sì kéré sí bó ṣe rí. Ìdí nìyí tí pápá eré ìdárayá onímítà 400 kò fi dáa fún ìdánwò: kọ́nà ló ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ọ̀nà márosẹ̀ tó tọ́, tó ní òkúta kìlómítà létí, ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹni tó ń gùn ún lálẹ́, ẹ fetí sí èyí. Itòsí ìlà òòfà tó pín ayé sí méjì la wà níhìn-ín, kì í ṣe bíi ti Yúróòpù. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di nǹkan bí agogo méjìlá òru, afẹ́fẹ́ òkè ọ̀run lọ́hùn-ún máa ń ru, ó sì máa ń gbo àmì sátẹ́láìtì jìgìjìgì, pàápàá ní oṣù Kẹta sí Kẹrin àti oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Tí ìlà ipa ọ̀nà rẹ lórí àwòrán ilẹ̀ bá fò wọ inú ilé onílé láago mẹ́jọ alẹ́, má tíì da aago náà nù. Èyí tó ń gba sátẹ́láìtì ti Rọ́ṣíà, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà mọ́ ti Amẹ́ríkà á sàn díẹ̀, torí àwọn tí kò bá kan lára ló máa fi dí èyí tó dàrú.

Ní ti gíga òkè: GPS nìkan kò mọ gíga dáadáa. Èyí tó ní bàrómítà, ìyẹn ohun tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó, ló mọ̀ ọ́n. Nǹkan bíi mítà 8 ni ìyípadà hectopascal kan (òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan) ń dúró fún. Tí òjò ńlá bá ń ṣú bọ̀, gíga rẹ lè yí padà níbi tó o ti dúró ra omi. Ihò kékeré kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ bàrómítà wà lẹ́yìn tàbí lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Òógùn ló ń dí i. Omi tó mọ́ ni kó o fi ṣàn án, má fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ìdáhùn

Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra sẹ́ńsọ̀ eré. Lójú tèmi, àpótí kékeré pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ sàn ju aago olówó gọbọi lọ, torí bí sátẹ́láìtì bá sọnù lábẹ́ bíríjì, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò dẹ́kun yíyí.

Èyí tí wọ́n ń fi rọ́bà dè mọ́ họ́ọ̀bù, àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ń lo òòfà lára sípóòkù, òòfà yẹn máa ń yẹ̀. Bátìrì CR2032 ló ń lò, wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń tún aago ṣe. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà rèé: ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú ló ń ṣe iṣẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ó lè máa ka eré, ó sì lè máa ka iye ìgbà tí pẹ́dà ń yí. Nínú irú Magene S3+, yíyọ bátìrì kúrò ká tún un fi sí i ló ń yí i padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé sẹ́ńsọ̀ yín kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ pààrọ̀ bátìrì, kò kú. Pẹ́dà ló rò pé òun ń kà. Ẹ yọ bátìrì, ẹ tún un fi sí i. Tí èyí tuntun ò bá tàn rárá, ẹ wò ó bóyá ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí ojú bátìrì ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ẹ̀rọ bí táyà yín ṣe tóbi tó. 700x25 jẹ́ mìlímítà 2105. 700x28 jẹ́ 2136. 26x1.95 jẹ́ 2050. Ẹni tó ń gun 26 tó fi 2105 sílẹ̀ bó ṣe bá a, kìlómítà 40 rẹ̀ á lé ní kìlómítà kan gbáko, ohun tí kò rìn. Ẹ má sì gbọ́kàn lé tábìlì nìkan. Ẹ fẹ́ táyà dé ibi tẹ́ ẹ máa ń fẹ́ ẹ dé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i níbi tó ti kan ilẹ̀, kí ẹnì kan jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ẹ tì í títí àmì náà á fi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn àárín ibi méjèèjì tí àmì náà ti kan ilẹ̀. Ìwọ̀n tí kò sí èèyàn lórí rẹ̀ máa ń gùn jù díẹ̀, torí ìwúwo yín ló ń tẹ táyà pẹlẹbẹ.

Ìbéèrè

Ẹ ṣé gan-an o, Ọlọ́run á jẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Tàwọn olè ńkọ́? Ṣé AirTag, ẹ̀rọ kékeré Apple tí wọ́n fi ń wá ohun tó sọnù, lè ṣe é?

Ìdáhùn

AirTag kò ní GPS. Ẹ̀rọ Apple tó bá wà nítòsí rẹ̀ ló ń bá a sọ ibi tó wà. Ní London, iPhone wà níbi gbogbo. Tí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, níbi tó jẹ́ Android ni gbogbo ọwọ́ ń dì mú, dídákẹ́ ló máa dákẹ́.

Ẹ̀rọ atọpa tó ń lo síìmù ló bá tiwa mu. Ẹ yẹ ìgbì rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó rà á: GSM 900 àti 1800 la ń lò ní Nàìjíríà, 850 àti 1900 ni ti Amẹ́ríkà. Èyí tó bá gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní wàhálà. Síìmù náà gbọ́dọ̀ ní NIN, kí owó sì wà lórí rẹ̀, torí síìmù tí wọn ò fi owó sí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n lè gbà á padà. 123456 ni ọ̀pọ̀ àwọn ti Ṣáínà ń lò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìpamọ́, pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹlòmíì má bàa máa tọpa ìwọ fúnra rẹ.

Má fi pamọ́ sínú irin abẹ́ ìjókòó. Irin kì í jẹ́ kí àmì wọlé tàbí jáde. Inú iná ẹ̀yìn tó jẹ́ oníke tàbí abẹ́ ìjókòó níta dáa. Bẹ́ ẹ bá ní kó máa ránṣẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bátìrì kékeré yẹn ò ní í pẹ́ tán. Ẹ ṣe é kó máa sùn, kó jí nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá mì.

Ìdáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ohun méjì péré. Iná aláwọ̀ ewé tí aago fi ń ka ìlù ọkàn kì í ṣeé gbára lé lórí kẹ̀kẹ́, torí ọrùn ọwọ́ ń tẹ̀, títì sì ń mì í. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an, kó ra okùn àyà tó ń ka ìlù ọkàn, kó fi omi pa á kó tó wọ̀ ọ́.

Ekejì, ibi tí wọ́n ń so àpótí mọ́ lórí irin ló ń kọ́kọ́ já, torí oòrùn ń mú kí rọ́bà rẹ̀ gbẹ. Ẹ fà á wò lóṣooṣù. Tó bá ti ń sán, ẹ fi rọ́bà tí fọkanáísà gé láti ara túùbù ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a wá nínú paálí, tí gbogbo yín ń dà nù yẹn, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ so ó mọ́.