"Ihò kọ́kọ́rọ́" kọ́, "agbàṣẹ" ni: ọ̀rọ̀ lórí jẹjẹrẹ pọrọsítáàtì

Láti Àjàṣẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu ní kí á máa pe ohun tí ìwé Faransé ń pè ní récepteur, ìyẹn pùròtéènì inú sẹ́ẹ̀lì tí hòmóònù ń lẹ̀ mọ́, ní "ihò kọ́kọ́rọ́" ní Yorùbá, pé hòmóònù ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ihò kì í kúrò lára ilẹ̀kùn. Èyí ń rìn.

Tẹstósítẹ́róònù, hòmóònù ọkùnrin, á wọ inú sẹ́ẹ̀lì pọrọsítáàtì, ẹ́ńsáìmù 5-alpha-reductase á sọ ọ́ di DHT, hòmóònù mìíràn tí agbára rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. DHT á lẹ̀ mọ́ pùròtéènì tí à ń wá orúkọ fún yìí. Pùròtéènì náà á já kúrò lọ́wọ́ àwọn pùròtéènì mìíràn tó dì í mú, á wọ kókó sẹ́ẹ̀lì, á so pọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀, á wá gúnlẹ̀ sórí DNA, á jí àwọn jíìnì kan dìde sí iṣẹ́. Jíìnì PSA, pùròtéènì tí wọ́n ń torí ẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ wa láti yẹ pọrọsítáàtì wò, wà lára wọn.

"Agbàṣẹ" ni mo fara mọ́: ó gbàṣẹ, ó sì lọ mú un ṣẹ. Ní 1941, dókítà Huggins ní Chicago fi hàn pé bí a bá gé àṣẹ hòmóònù kúrò, jẹjẹrẹ yìí á rọlẹ̀; ìyẹn wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1966. (Ẹ fi àmì sí i o! "Agbaṣẹ́" á sọ pùròtéènì di alágbàṣe.)

"Àdàlù jíìnì", tí wọ́n fẹ́ kí á máa pe jíìnì méjì tó lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí ikọ̀ onímọ̀ jẹjẹrẹ Chinnaiyan ní Michigan rí nínú jẹjẹrẹ yìí ní 2005 kì í ṣe àdàlù: iwájú jíìnì TMPRSS2, tó ń gbọ́ ti hòmóònù, ló já lọ lẹ̀ mọ́ ara jíìnì mìíràn, ERG. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ pọ̀ báyìí, àṣẹ tó yẹ TMPRSS2 ló ń jí ERG. "Àlẹ̀mọ́" ni kí á kọ.

Láti Ṣábẹ̀ẹ́:

Àbúrò, mo gba "àlẹ̀mọ́". Ṣùgbọ́n AR-V7, irú agbàṣẹ yìí kan tó gé kúrú, ńkọ́? Irú yẹn ò ní apá tí hòmóònù ń lẹ̀ mọ́ rárá, síbẹ̀ ó ń jí jíìnì. Àṣẹ ta ló gbà?

Láti Àjàṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí á pè é ní "agbàṣẹ aláìlétí". Apá tí hòmóònù ń lẹ̀ mọ́ ni etí; etí yẹn gan-an ni enzalutamide, oògùn jẹjẹrẹ pọrọsítáàtì, ń dí. Níbi tí kò sí etí, kò rí ohun tí yóò dí. Bí a bá pè é ní orúkọ mìíràn pátápátá, òǹkàwé ò ní mọ̀ pé jíìnì kan náà ló bí òun àti agbàṣẹ tó létí.